Àwọn tó yìnbọn síra wọn lánàá, ṣé wọ́n lè gbá bọ́ọ̀lù pa pọ̀ lónìí?

Láti Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, tàbí tí dátà yín ò tó láti gbọ́ ètò náà tán, ọ̀rọ̀ náà rèé ní kíkọ sílẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́.

Orí WhatsApp ni ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn rí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dárúkọ Pelé ló máa ń jáde: àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ funfun Santos, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gàdàgbà lábẹ́ rẹ̀ pé ọkùnrin yìí ló dá ogun Biafra dúró. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin olùgbọ́ wa fi ránṣẹ́ sí mi, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó tún ní, tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí wọn ò kàn jẹ́ kí àwọn tó ń jagun lónìí náà gbá bọ́ọ̀lù, kí ìjà tán síbẹ̀?

Ìbéèrè méjì ni. Àkọ́kọ́ rọrùn láti dáhùn. Èkejì ló gbà mí lákòókò, torí pé àwọn kan wà nítòsí wa níbí, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n jagun síra wọn lóòótọ́, tí wọ́n sì padà wá gbá bọ́ọ̀lù pa pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní ju ẹsẹ̀ kan lọ. Ìtàn tiwọn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti Pelé.

Ṣé Pelé dá ogun dúró?

Ohun tó dájú rèé. Santos, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Pelé láti Bùràsíìlì, wá sí Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1969. Ogun abẹ́lé wa ti lé ní ọdún kan àtààbọ̀ nígbà náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní, Santos àti ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wa gbá ọ̀mì 2–2 ní Èkó, Pelé ló sì jẹ góòlù méjèèjì tí Santos ní. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n lọ sí Benin City, wọ́n sì borí níbẹ̀ pẹ̀lú 2–1. Kò sí irọ́ nínú èyí.

Ti ìdáwọ́ ìjà dúró wá ńkọ́? Àwọn tó ti tú ìwé ìròyìn ìgbà náà wò kò rí ìkéde pé ìjọba àpapọ̀ àti Biafra jọ fẹnu kò láti sinmi ìbọn nítorí bọ́ọ̀lù. Ojú ogun sì jìnnà sí Èkó. Kò sí ìjà ní Surulere tí ẹnikẹ́ni ì bá dá dúró. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970 ni ogun náà tó parí, nígbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan tí Pelé ti padà sílé.

Ìdí tí ìtàn yẹn fi ń dùn mọ́ wa, lójú tèmi, ni pé kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àlejò kan wá, ó gbá bọ́ọ̀lù, ìbọn dákẹ́. Kò sí ẹni tó bẹ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó dárí ji ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó san owó oògùn fún ẹni tó fara gbọta. Irú àlàáfíà bẹ́ẹ̀ kò sí níbì kankan láyé.

Enugu àti Ìbàdàn lẹ́yìn ogun

Ohun tí bọ́ọ̀lù ṣe lóòótọ́ nílẹ̀ wa, ẹ̀yìn ogun ló ṣe é. Ó sì gba ọdún mẹ́wàá.

Nínú ọdún 1970 tí ogun parí yẹn náà ni wọ́n dá Rangers sílẹ̀ ní Enugu, ìlú tó ti jẹ́ olú-ìlú Biafra rí. Ẹ rò ó wò: ilé ti wó, owó tó wà ní báńkì ti di nǹkan mìíràn, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ṣì ń wá èèyàn wọn. Rangers di ọ̀kan nínú àwọn ohun tí àwọn Ìgbò tún lè fi dúró ní gbangba níwájú gbogbo Nàìjíríà.

Ní apá tiwa, IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn ló wà, àwọn tí ẹ mọ̀ sí 3SC lónìí. Ẹ má gbàgbé pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ìwó wà nígbà yẹn. Ọdún 1991 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Nítorí náà, ẹgbẹ́ àwọn bàbá wa ní Ìwó níbí ni IICC. Ní ọdún 1976, wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé, wọ́n sì di ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1977, IICC àti Rangers pàdé nínú ìdíje ife náà, ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Ogun ò tíì parí ju ọdún méje lọ. Wọ́n gbá eré àkọ́kọ́ ní Èkó: ọ̀mì, 0–0. Wọ́n gbé èkejì lọ sí Kaduna, ibi tí kì í ṣe ilé Ìgbò, tí kì í ṣe ilé Yorùbá: ọ̀mì náà ni, 0–0. Eré méjì, kò sí góòlù kan ṣoṣo. Pẹnáritì ló là wọ́n, Rangers ló sì yege. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n na Canon ti Yaoundé, wọ́n gbé ife náà lọ sí Enugu.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, Nàìjíríà gbé Ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Christian Chukwu ti Rangers ni ọ̀gá ikọ̀ náà. Best Ogedegbe ti IICC ló ṣọ́ ilé. Ṣẹ́gun Odégbàmí jẹ góòlù méjì, Múdà Lawal jẹ ọ̀kan, àwọn méjèèjì láti IICC. Algeria kò rí ẹyọ kan san padà. Àwọn tí wọn ò gbà fún ara wọn rárá ní Kaduna ló wá ń gbá bọ́ọ̀lù síra wọn lẹ́sẹ̀ ní Surulere.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí IICC fi eré yẹn sílẹ̀ fún Rangers nítorí pé ogun ti jẹ wọ́n níyà. Wọ́n bá wọn gbá a dójú ikú. Mo máa padà sórí kókó yìí.

Ṣùgbọ́n àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí, ọ̀dọ́ ni wọ́n, ara wọn sì pé. Ta ni yóò bá ẹni tí ogun gba ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù?

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kan: báwo ni wọ́n ṣe ń gbá a?

Eré kan wà tí wọ́n ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Seattle, ní Amẹ́ríkà, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1980. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Don Bennett, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti lọ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ojú omi, dúró lórí ọ̀pá méjì níwájú ilé rẹ̀. Bọ́ọ̀lù yí wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ kan tó kù gbá a padà. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn òfin rẹ̀ kò pọ̀, ẹ jẹ́ n kà wọ́n fún yín:

Agbábọ́ọ̀lù méje ló wà ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́fà tó ń sáré káàkiri ní ẹsẹ̀ kan àti ọwọ́ méjì. Aṣọ́lé ní ẹsẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ló ní, kò sì gbọ́dọ̀ kúrò ní àgbègbè ilé tó ń ṣọ́.

Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wọ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wọ pápá. Ọ̀pá irin méjì tí wọ́n ń ki apá bọ̀ ni wọ́n fi ń rìn, òun náà ni wọ́n fi ń sáré.

Ọ̀pá ò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Tí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀pá gbá a, bíi pé ó fi ọwọ́ gbá a ni. Bákan náà ni kùkùté ẹsẹ̀ tí wọ́n gé.

Kò sí ọ̀fúsáìdì. Tí bọ́ọ̀lù bá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá a wọlé padà, torí pé ọwọ́ ti níṣẹ́ tó ń ṣe. Kò sí fífi ìdí fà nílẹ̀ láti gba bọ́ọ̀lù.

Ìṣẹ́jú 25 ni abala kọ̀ọ̀kan, abala méjì ni eré kan. Pápá kéré sí ti bọ́ọ̀lù tí a mọ̀, ilé náà sì kéré.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé ẹni tó bá fi ọ̀pá rẹ̀ lu ẹlòmíràn yóò jáde kúrò lórí pápá.

Ẹ má rò pé eré ìtura ni. Nígbà tí agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kan bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀pá méjèèjì ló máa gbé gbogbo ara rẹ̀ lé, kí ẹsẹ̀ tó kù lè gbéra nílẹ̀. Ìyẹn ni pé ìwúwo rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ àti èjìká rẹ̀. Tó bá ṣubú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kó ọ̀pá rẹ̀ jọ tí yóò dìde. Ẹ wá fídíò rẹ̀ wò lórí YouTube lẹ́yìn tí ẹ bá kà á tán. Ìró irin tó ń kọlu irin ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́.

Freetown: àwọn tí wọ́n gé

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sí etí ilé. Sierra Leone ni àwọn baba ńlá wa ń pè ní Sàró, ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú gbé kí wọ́n tó padà wálé. Ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1991, wọn ò sì kéde òpin rẹ̀ títí di oṣù Kìíní ọdún 2002.

Ohun tí gbogbo ayé fi mọ ogun yẹn ni gígé ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF àti àwọn mìíràn máa ń gé ọwọ́ àwọn ará ìlú, àgbẹ̀, oníṣòwò, ọmọ ilé-ìwé, kí wọ́n lè fi dẹ́rù ba àwọn yòókù. Ọgbẹ́ ìbọn àti àdó olóró náà sì gba ẹsẹ̀ lára àwọn sójà àti ará ìlú. Nígbà tí ìjà ń rọlẹ̀, àgọ́ kan wà ní Freetown tó kún fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n na ọwọ́ tó kù fún àánú lójú títì.

Ní ọdún 2001, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kan dé ibẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ tún wo òfin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: mẹ́fà tí kò ní ẹsẹ̀ kan, ọ̀kan tí kò ní ọwọ́ kan. Kì í ṣe nítorí Freetown ni wọ́n ṣe ṣe òfin náà, ṣùgbọ́n ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan wo àgọ́ yẹn kó tó kọ ọ́. Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ní àyè tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́ ní àyè tirẹ̀. Ohun tó ti jẹ́ ìdí ìtìjú wá di ìwé ìwọlé.

Ní ọdún 2007, Freetown gba àlejò ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú eré náà. Ghana ló gba ife ọ̀hún.

Monrovia: àwọn tó jagun

Ti Làìbéríà ló sún mọ́ ìbéèrè olùgbọ́ wa jù lọ. Ogun méjì ni wọ́n jà níbẹ̀: àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọdún 1989 títí di 1997, èkejì láti 1999 sí 2003. Iye tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá fún àwọn tó kú jẹ́ nǹkan bí 250,000. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ogun méjì péré ló jà. Àwọn ọmọ ogun Charles Taylor wà, sójà ìjọba wà, LURD wà, MODEL wà, àwọn mìíràn sì ti wà ṣáájú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbé ìbọn ni wọ́n fi ipá mú nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́mọdé.

Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990 ni ECOMOG, ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ Monrovia, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Tí ẹ bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ṣe iṣẹ́ sójà láàárín 1990 sí 1999, ẹ bi wọ́n. Ó lè jẹ́ pé wọ́n dé ibẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Taylor fi ipò sílẹ̀, ó wá sí Calabar, àwọn tó kù sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Accra. Lẹ́yìn náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn èèyàn tó ju 100,000 lọ. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin ṣe wà ní Monrovia láìní ìbọn, láìní iṣẹ́, tí àwọn kan sì wà láìní ẹsẹ̀. Ẹni tó jà fún Taylor àti ẹni tó jà láti lé Taylor lọ jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kan náà, wọ́n jọ ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọkọ̀ kan náà. Ará ìlú tí ìbọn wọn bà wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Inú àwọn wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kan Làìbéríà ti jáde wá. Àwọn tí wọ́n ti wà ní ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ogun, àti àwọn tí kò gbé ìbọn rí, jọ wọ aṣọ kan náà. Ní ọdún 2008, Monrovia gba àlejò ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà, Làìbéríà ló sì gba ife náà nílé ara wọn. Ìlú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yí ojú kúrò lára ẹlẹ́sẹ̀ kan wá ń pariwo orúkọ wọn.

Kí ló dé tí eré náà fi ń le?

Ohun tó máa ń ya àwọn tó kọ́kọ́ wò ó lẹ́nu ni pé eré náà kì í rọ̀ rárá. Wọ́n ń fi èjìká gbá ara wọn, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń bá rẹfirí jiyàn. Ẹni tó rò pé òun ń lọ wo bí àwọn ọ̀tá àtijọ́ ṣe ń dì mọ́ra wọn yóò bá àwọn ọkùnrin tí kò fẹ́ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ara wọn.

Èmi gbà pé líle yẹn gan-an ni oògùn rẹ̀. Ìdí méjì ni mo ní.

Èkíní ni àánú. Láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ti lọ ni gbogbo èèyàn ti ń ṣàánú ẹni náà: wọ́n ń ju owó sí i, wọ́n ń sọ pé ó mà ṣe o. Àánú dára, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí èèyàn dúró ní ìdọ́gba pẹ̀lú ẹni tó ń ṣàánú rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ń rọra gbá bọ́ọ̀lù fún ẹ nítorí pé o kò lẹ́sẹ̀, kò tíì kà ẹ́ sí agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá sáré bá ẹ, tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ tọkàntọkàn, òun ló gbà pé o lágbára láti na òun. Ohun tí IICC fún Rangers ní 1977 náà nìyẹn. Ọ̀wọ̀ ni.

Èkejì ni òfin. Lójú ogun, ẹni tó ní ìbọn ló ń pinnu ohun tó tọ́. Lórí pápá, ẹni kẹta ló ń fọn fèrè, àwọn ìhà méjèèjì sì ti gbà ṣáájú pé tó bá fọn ún, àwọn yóò dúró. Ẹ tún rántí òfin ọ̀pá yẹn. Ọkùnrin tó ti di ìbọn mú fún ọdún púpọ̀ wá di irin méjì mú. Ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́ wà níwájú rẹ̀, inú rẹ̀ ń ru, gbogbo èèyàn ń pariwo. Irin yẹn lè fọ́ orí èèyàn. Kò sì gbọ́dọ̀ gbé e sókè. Ó ń ṣe èyí fún ìṣẹ́jú 50, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Mi ò mọ ìwàásù tó lè kọ́ èèyàn ní ìkóra-ẹni-níjàánu tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Àǹgólà náà. Ogun abẹ́lé wọn gba láti 1975 títí di 2002, àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sì ń gba ẹsẹ̀ èèyàn kódà lẹ́yìn tí ìjà parí. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan Àǹgólà gba Ife Àgbáyé ní Mẹ́síkò. Òun àti Tọ́kì gbá ọ̀mì 0–0 nínú àṣekágbá, pẹnáritì ni wọ́n fi yege. Ní ọdún 2022, Tọ́kì gbẹ̀san ní Istanbul pẹ̀lú 4–1. Kò sí ẹni tó fi ife náà ta wọ́n lọ́rẹ nítorí ogun tó jà wọ́n, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà tí ẹlòmíràn gbá jù wọ́n lọ.

Ibi tí agbára bọ́ọ̀lù pin sí

Kí n má baà di ẹni tó ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tuntun fún yín, ẹ jẹ́ n sọ apá kejì.

Ẹ mọ ìtàn Didier Drogba. Ogun ti pín Côte d'Ivoire sí méjì láti ọdún 2002, àríwá wà lọ́wọ́ ọlọ̀tẹ̀, gúúsù wà lọ́wọ́ ìjọba. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, nígbà tí wọ́n na Sudan tí wọ́n sì rí àyè lọ sí Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ wọn, Drogba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú kámẹ́rà, wọ́n bẹ àwọn èèyàn wọn kí wọ́n sọ ìbọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2007, ẹgbẹ́ náà lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Bouaké, ìlú tó jẹ́ olórí ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Wọ́n na Madagascar 5–0.

Ọjọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo déètì. Oṣù Kẹta ọdún 2007 ni ìjọba àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Ouagadougou. Bọ́ọ̀lù tẹ̀ lé ìwé ni, kì í ṣe ìwé ló tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ìdìbò ọdún 2010 sì dá wàhálà sílẹ̀, ìjà tún bẹ́, ó ju 3,000 èèyàn tó kú. Àwòrán Bouaké kò dá ìyẹn dúró.

Làìbéríà náà ò yàtọ̀. Ife ò san owó ilé. Agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n gbé sórí èjìká lọ́jọ́ Sátidé lè padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Pápá lè kọ́ ọ̀tá méjì láti bọ̀wọ̀ fún òfin kan, ṣùgbọ́n kò lè fún wọn níṣẹ́, kò sì lè gba ẹjọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ìyẹn wà lọ́wọ́ ìjọba, ilé-ẹjọ́ àti àwa ará ìlú.

Ó kan àwa náà

Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa sọ pé Monrovia jìnnà sí Ìwó. Kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Láti ọdún 2009 ni ogun ti ń jà ní àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ọmọ gbogbo ìpínlẹ̀ ló sì wà nínú àwọn sójà tó ń lọ síbẹ̀. Àwọn kan padà wá láìní ẹsẹ̀, tàbí láìní ọwọ́. Ní ọdún 2023, Nàìjíríà kọ́kọ́ kópa nínú Invictus Games, ìdíje àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, ní Düsseldorf ní Jámánì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá lórí ìjókòó ní Abuja, Prince Harry sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín pín àwòrán Harry àti Meghan. Ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ẹ lè dárúkọ sójà kan ṣoṣo nínú àwọn tó jókòó sórí pápá yẹn?

A ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kan tiwa náà, Special Eagles. Ìjàǹbá ọ̀nà ló gba ẹsẹ̀ àwọn kan nínú irú àwọn agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, àìsàn ló gba ti àwọn mìíràn. Orúkọ wọn kì í jáde bíi ti Super Eagles, bẹ́ẹ̀ aláwọ̀ ewé àti funfun kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀.

Ibi tó wá le jù rèé, mi ò sì ní yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, torí òun gan-an ni olùgbọ́ wa béèrè. Láti ọdún 2016 ni ìjọba ti ní ètò kan tó ń jẹ́ Operation Safe Corridor, ní Ìpínlẹ̀ Gombe, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tó kúrò lọ́dọ̀ Boko Haram, tí wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́ kí wọ́n tó dá wọn padà sáàárín ìlú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Tí ẹ bá jẹ́ ẹni tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ ní Borno, ẹ̀yin náà lè má fẹ́.

Ṣé sójà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ ní Borno lè wà lórí pápá kan náà pẹ̀lú ẹni tó ti bá a jà? Ìdáhùn mi ni pé Làìbéríà fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan ṣe tò tẹ̀ léra níbẹ̀. Ìbọn kọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́. Ìwé àlàáfíà wà. Ará ìlú tí wọ́n ṣe léṣe wà nínú ẹgbẹ́ náà, kì í ṣe àwọn tó jagun nìkan. Kò sì sí ẹni tí wọ́n fi agbára mú wá sórí pápá kí àwọn oníròyìn lè ya fọ́tò. Tí a bá fo gbogbo ìyẹn, tí a kàn ju bọ́ọ̀lù sáàárín wọn, ẹ̀gàn là ń fi kan ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Àwọn àgbà ò purọ́ nígbà tí wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́.

Nítorí náà, olùgbọ́ wa, ìdáhùn rẹ rèé. Rárá, Pelé kò dá ogun wa dúró. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tó ti yìnbọn síra wọn lè gbá bọ́ọ̀lù pa pọ̀, wọ́n sì lè gbá a kó le koko. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tí kò ní àtẹ́wọ́ nínú: kó bẹ̀bẹ̀, kó gba ìbọn, kó gbọ́ ẹkún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, kó ra ọ̀pá irin méjì.

Tí àwòrán Pelé yẹn bá tún dé sórí fóònù yín, ẹ má kàn pa á rẹ́. Ẹ fi fídíò eré bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kan dá ẹni tó fi ránṣẹ́ lóhùn. Tí ẹ bá sì mọ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò yín tó lọ sí Làìbéríà tàbí Sàró pẹ̀lú ECOMOG, tó sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ n gbọ́. Mo fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó darúgbó jù.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ máa ṣe dáadáa.